Ẹrù Ti Dé, Ọkàn Ò Tíì Dé

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹni Ọlọ́run. Ẹ kú ojúmọ́ ire.

Ẹ̀yin tí ayé yín yí padà lójijì ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí: iṣẹ́ bọ́, ọkọ tàbí aya papò dà, ọmọ gba òkè òkun lọ.

Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ tèmi, tí mo kó ìdílé mi láti Èkó wá sí Àgbádárìgì níbí, aago mẹ́rin àbọ̀ ni mo ṣì ń jí. Lọ́jọ́ kan, mo ti wẹ̀, mo ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì, mo ń wá ìbọ̀sẹ̀ kejì nínú òkùnkùn, kí n tó rántí pé kò síbi tí mò ń lọ. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ìbọ̀sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀. Ẹrù wa ti dé láti oṣù mẹ́ta, ọkàn mi ò tíì dé.

Àwọn ènìyàn ń sọ fún mi pé, “Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Òótọ́ ni, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó pọn omi wá láti ọ̀nà jíjìn kọ́kọ́ sunkún omi rẹ̀. Sáàmù 137 ò fi pamọ́ pé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì jókòó létí odò Bábílónì, tí wọ́n sunkún nígbà tí wọ́n rántí Síónì. Ọlọ́run fi ẹkún yẹn sílẹ̀ nínú Ìwé Mímọ́.

Ẹ wo Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ó di òmìnira ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Oṣù kìíní 1845 ni òun àtàwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀ dé Àgbádárìgì yìí, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Àṣé Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó ń retí àwọn míṣọ́nnárì, ti kú, ọ̀nà ò sì ṣeé rìn. Bí oṣù 18 ni wọ́n fi dúró síhìn-ín, ní etí òkun tí wọ́n ti ń kó irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ ẹrú. Ó ń wàásù níbẹ̀ lédè Yorùbá. Nígbà tó wá dé Abẹ́òkúta ní 1846, ìyá rẹ̀ Àfálà wá bá a. Wọ́n di ara wọn mú, ẹnu ò gba ọ̀rọ̀, omijé ń ṣàn lójú ìyá. Ọdún 25 ti kọjá.

Mi ò sọ pé gbogbo ohun tó lọ ló ń padà. Ẹni tó kú ò ní wọlé lálẹ́ mọ́. Àmọ́ oṣù 18 yẹn ò bọ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ní tèmi, mo fún aago mẹ́rin àbọ̀ yẹn níṣẹ́ tuntun. Mo ń lọ gbàdúrà létí ọ̀sà, nígbà tí àwọn apẹja ń tu ẹja kúrò nínú àwọ̀n. Bó bá sì jẹ́ pé oorun àti oúnjẹ ti kọ̀ yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ rí dókítà. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́ rárá.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, o ṣeun tó o jí wa. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ ti dé tí ọkàn rẹ̀ ò tíì dé, rọra mú un dé. Opó tó ṣì ń bu oúnjẹ sí abọ́ méjì, jókòó tì í. Ẹni tí ọ̀nà dí mọ́, fún un níṣẹ́ tí yóò máa ṣe títí ọ̀nà yóò fi là. Ẹni tó ń fi ẹ̀rín bo ẹkún mọ́lẹ̀, fún un lẹ́nìkan tí yóò lè sunkún níwájú rẹ̀ lónìí yìí. Ní orúkọ Jésù. Àmín.