720,720: owó àjọ tí kì í ṣẹ́ kù

Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lójú fídíò yìí dáadáa: 720,720. Nínú òǹkà àwọn bàbá wa, ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógójì ó lé ọ̀rìndínlẹ́gbẹ̀rin ni, torí 20,000 ni ọ̀kẹ́ kan.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé àwọn ahunṣọ òkè kan n'Ílọrin dá àjọ, tí owó wọn wá jẹ́ 720,720 náírà. Tí wọ́n bá jẹ́ 7, 102,960 kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá jẹ́ 13, 55,440 ni. Tí wọ́n bá pé 16, 45,045. Láti orí ẹnì kan títí dé ẹni 16, iyekíye tí wọ́n bá jẹ́, kọ́bọ̀ kan ò ní ṣẹ́ kù. Ẹ wá a láti 1 dé 720,719, ẹ ò ní rí òmíràn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ẹ fi 2 pín in lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ku 45,045. Ẹ fi 3 pín ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó ku 5,005. Ẹ fi 5 pín in, ó ku 1,001. Ẹ fi 7 pín in, 143 ló kù, ìyẹn 11 lọ́nà 13. Ibẹ̀ ló parí sí: 2 mẹ́rin, 3 méjì, 5, 7, 11 àti 13 ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Prime ni gbogbo wọn, wọn ò ṣeé tú mọ́.

Ẹ tún wo 1,001 yẹn. Ẹ kọ díjíìtì mẹ́ta èyíkéyìí sílẹ̀, kí ẹ tún un kọ síwájú ara rẹ̀: ẹ ti ṣe é lọ́nà 1,001 nìyẹn. 720 lọ́nà 1,001 ni 720,720. Ìdí nìyí tí 7, 11 àti 13 fi pín 345,345 náà láìṣẹ́kù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni 16. Wọ́n á ní 2 pín in, 8 pín in, ó parí. Rárá o! 2 àti 8 pín 24, ṣùgbọ́n 16 ò pín in, torí 2 ti wà nínú 8 tẹ́lẹ̀. Díjíìtì mẹ́rin tó kẹ́yìn ni kí ẹ wò: 0720, tó jẹ́ 16 lọ́nà 45.

Nọ́ńbà mélòó ló lè pín 720,720 láìṣẹ́kù? A lè mú 2 mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, ẹyọ kan, tàbí ká má mú ìkankan: ọ̀nà 5. Ẹni tó bá gbàgbé "má mú ìkankan" yẹn, ìṣirò rẹ̀ ti bàjẹ́. Ti 3 jẹ́ ọ̀nà 3, ti mẹ́rin tó kù jẹ́ ọ̀nà 2 kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ lọ́nà ara wọn jẹ́ 240. Kò sí nọ́ńbà tó kéré sí i tó ní tó bẹ́ẹ̀. Highly composite ni Srinivasa Ramanujan, ọmọ Íńdíà, pe irú wọn nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1915. Èyí tó tẹ̀ lé e ni 1,081,080, tó ní 256.

Ẹ yọ òun fúnra rẹ̀ kúrò, kí ẹ ro 239 tó kù pọ̀: 2,529,072. Ó ju òun alára lọ fíìfíì, torí náà abundant ni.

Tí ẹni kẹtàdínlógún bá wá wọ àjọ náà ńkọ́? 42,395 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, náírà 5 ṣẹ́ kù, torí kò sí 17 nínú ohun tí a tú. Ẹ ṣe é lọ́nà 17, ó di 12,252,240. Ẹni kejìdínlógún ò ní da nǹkan kan rú: 2 kan àti 3 méjì tó nílò ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.