Kí Ìfẹ́ Wa Má Di Tútù

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ṣé a jí ire?

Fóònù ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ ń mú tá a bá jí. Ká tó kúnlẹ̀, a ti gbọ́ pé wọ́n pa àwọn kan, wọ́n jí àwọn kan gbé, ogun tún ti bẹ́ níbòmíràn. A ó mirí, a ó ní ayé ti bàjẹ́, a ó sì kọjá sórí ẹ̀fẹ̀ tó kàn. Ìkọjá yẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Jésù ní, “Àti nítorí ẹ̀ṣẹ̀ yóò di púpọ̀, ìfẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ yóò di tútù” (Mátíù 24:12). Anomia ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n tú sí “ẹ̀ṣẹ̀” níbẹ̀: ìwà àìlófin, kéèyàn máa gbé bí ẹni tí òfin ò dè. Ẹ tún un kà. Olúwa ò parí gbólóhùn yẹn sórí ilé tó jó tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn. Orí ìfẹ́ tó di tútù ló parí ẹ̀ sí. Ìbọn lè má dún ládùúgbò wa rárá, àmọ́ òtútù yìí kì í ké àgò kó tó wọlé.

Wòlíì Hábákúkù rí ìwà ipá, ó rí ìdájọ́ tó wọ́, ó sì bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó tóun á fi máa ké. Àwọn kan á ní àìgbàgbọ́ nìyẹn. Èmi ò gbà: ẹni tí ọ̀rọ̀ ò dùn kì í ké.

Nígbà àwọn Onídàájọ́, olúkúlùkù ń ṣe èyí tó tọ́ lójú ara rẹ̀ (Onídàájọ́ 21:25). Lójú ara wọn, ó tọ́! Ẹni tó gba rìbá ní àlàyé tiẹ̀. Èmi náà ní tèmi lọ́jọ́ tí mi ò dúró fún iná pupa lójú títì, torí pé mò ń kánjú lọ sípàdé àdúrà.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, dárí àìlófin tèmi jì mí kí n tó ka ti ẹlòmíràn.

Tún iná ìfẹ́ dá nínú mi. Má jẹ́ kí ikú ọmọ ọlọ́mọ di ìròyìn lásán létí mi.

Tu àwọn tó ń sunkún láàárọ̀ yìí nínú; mú àwọn tó wà nígbèkùn padà sílé láàyè.

Fi ìbẹ̀rù rẹ sọ́kàn gbogbo àwọn tó wà nípò àṣẹ, kí a lè máa gbé ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti àlàáfíà (1 Tímótì 2:2).

Àwọn tó di ohun ìjà mú ńkọ́, Olúwa? Ìwọ tó pàdé Sọ́ọ̀lù, tó ń ṣe inúnibíni sáwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ, lọ́nà Dámásíkù, pàdé wọn lónìí.

Lórúkọ Jésù. Àmín.