Ilẹ̀ Ni Ọpirétọ̀ Kíréènì Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa. Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá wọn wá, ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ katapílà àti kíréènì ni pé, "Ọ̀gá, ìgbà wo ni wọ́n máa jẹ́ kí n gun orí ẹ̀rọ?"

Ìbéèrè náà ò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ẹni tí ara rẹ̀ bá yá lè mọ bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀pá ìdarí kíréènì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ohun tó ń pa èèyàn nídìí iṣẹ́ yìí, ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń wà: nínú ìwọ̀n ẹrù, nínú okùn tí wọ́n fi so ó, níbi tí ẹsẹ̀ kíréènì tẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nímọ̀ràn pé kó kọ́kọ́ ṣe rígà. Kó mọ ẹrù so, kó mọ bí wọ́n ṣe ń júwọ́ sí ọpirétọ̀, kó tó wá ìjókòó òkè.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹrù tọ́ọ̀nù 10. Ká ní okùn wáyà méjì la fi gbé e, tí méjèèjì dúró ṣánṣán, tọ́ọ̀nù 5 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn okùn náà bá yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí igun tó wà láàárín okùn àti orí ẹrù jẹ́ digíríì 60, ó ti di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 5.8. Bí wọ́n bá wá tẹ̀ wálẹ̀ dé digíríì 30, tọ́ọ̀nù 10 gbáko ni okùn kọ̀ọ̀kan ń fà. Ẹrù kan náà ni o, okùn kan náà ni. Rígà tí kò mọ èyí yóò já okùn tuntun, yóò sì máa fi ẹni tó tà á fún un sùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kíréènì fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ "tọ́ọ̀nù 50" sí lára kì í gbé tọ́ọ̀nù 50 níbi gbogbo. Ìgbà tí apá rẹ̀ bá kúrú, tí ẹrù sì sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí nìkan ló lè gbé e. Ọmọdé tó gbé korobá omi mọ́ àyà á rìn lọ. Ẹ ní kó na ọwọ́ gbọọrọ pẹ̀lú korobá yẹn, ẹ ó rí bí yóò ṣe fà á síwájú. Bí ẹrù bá jìnnà dé mítà 20, kíréènì yẹn lè má gbé ju tọ́ọ̀nù mélòó kan lọ. Ìwé tí wọ́n ń pè ní load chart ló ń sọ iye tó lè gbé ní mítà kọ̀ọ̀kan, ìkọ́ àti okùn tí a fi so ẹrù sì gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò náà. Òbí tó rò pé ọmọ tí ìwé ò wọ̀ lórí ló yẹ fún iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un rò. Ìṣirò pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ tún mọ ilẹ̀. Ní Lẹ́kí àti Victoria Island, ọ̀pọ̀ ibi ló jẹ́ pé iyanrìn ni wọ́n fi di omi. Níbòmíràn, sọ́kàwéè àtijọ́ tàbí gọ́tà tí wọ́n bò lè wà lábẹ́ ibi tí ẹ fẹ́ tẹ ẹsẹ̀ kíréènì sí. Ẹ béèrè kí ẹ tó tẹ́ pákó síbẹ̀. Ẹ wòkè pẹ̀lú, nítorí wáyà iná. Òfin Amẹ́ríkà ní kí kíréènì jìnnà ní ẹsẹ̀ bàtà 20, bíi mítà 6, sí wáyà tó ń gbé iná títí dé 350 kV (kílófóólùtì, ìwọ̀n agbára iná), bí wọn ò bá tíì wádìí iye iná inú rẹ̀ gan-an. Mo fẹ́ kí ẹ gba ààlà yẹn lò níbí náà.

Ti atẹ́gùn ńkọ́? Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ìjì wó kíréènì ńlá kan lu Mọ́sáláṣí Ńlá ní Mẹ́kà. Èèyàn tó lé ní 100 ló kú, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ìwádìí ìjọba Saudi sọ pé kò yẹ kí apá kíréènì náà wà lókè nígbà tí wọn ò lò ó. Kí Ọlọ́run forí jì wọ́n.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń júwọ́ sí ọpirétọ̀. Àmọ́ "dúró!", ẹnikẹ́ni ní sáìtì ló lè sọ ọ́, títí kan ìyá olóúnjẹ, ọpirétọ̀ sì gbọ́dọ̀ dúró.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, ẹ bá ọ̀gá ṣiṣẹ́ bí ọmọ iṣẹ́, kí ẹ máa fi gírísì sí ẹ̀rọ, kí ẹ máa yẹ ọ́ìlì wò láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ ọjọ́, irú ẹ̀rọ àti wákàtí sí, kí ọ̀gá máa buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe trade test, ìyẹn ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, ti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, láti ìpele III dé I. Bí katapílà lẹ fẹ́ wà, ìsọ̀rí H ni ti láísẹ́ǹsì tó bá a mu. Ẹni tó bá ní òun á sọ yín di ọpirétọ̀ kíréènì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, owó yín ló ń wá.

Ẹ̀yin tó ń ronú ìlú òyìnbó, ẹ gbọ́. Ní Bìrìtìkó, káàdì pupa ti CPCS, ètò tó ń fún àwọn tó ń wa ẹ̀rọ ìkọ́lé ní káàdì ẹ̀rí, lẹ ó kọ́kọ́ gbà, ọdún méjì sì ni wọ́n ń fún yín láti fi yege ìdánwò kí ó tó di búlúù. Ìrírí Èkó á ràn yín lọ́wọ́, kò ní gba ìdánwò yẹn ṣe fún yín.

Ọ̀rọ̀ kan ṣòro fún ọmọ Yorùbá níbi iṣẹ́ yìí: kíkọ̀ fún àgbà. Ẹnjiníà tó jẹ́ bàbá fún ẹ lè ní kí o gbé ohun tí load chart kò gbà. Má jiyàn. Sọ pé, "Ẹ má bínú sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo ìwé yìí." Bó bá ṣì ní kí o gbé e, pa ẹ́ńjìnnì, kí o sọ̀ kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá lé ẹ nítorí ẹ̀, ibòmíràn á gbà ẹ́.

Arábìnrin kan béèrè bóyá obìnrin lè ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni. Ojú tó ń ríran dáadáa àti ìfarabalẹ̀ ló ń wa kíréènì, kì í ṣe igẹ̀. Mo ní kó lọ bá rígà kan ní ọ̀sẹ̀ yìí, kó bẹ̀ ẹ́ kó fi okùn wáyà tó ti gbó hàn án, kó sì wo ibi tí àwọn fọ́nrán kéékèèké ti ń já kí okùn náà tó já pátápátá.