Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀kọ́ Àjẹsára Bẹ̀rẹ̀ Lọ́dọ̀ Aláìsàn

Ẹ̀yin olùkọ́ mi, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin dókítà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú iṣẹ́ ìwádìí, mo kí yín o. Bí ó ṣe yẹ ká máa kọ́ àwọn oníṣègùn ní ìmọ̀ àjẹsára, ìyẹn ìmọ̀ bí ara ṣe ń gbógun ti àìsàn, ni ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá. Bí a ṣe ń ṣe é kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. À ń ka orúkọ àwọn àmì ara sẹ́ẹ̀lì àti ti èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ń tú jáde lé ara wọn, CD4, CD8, IL-6, IL-10, títí gbogbo rẹ̀ á fi dàrú mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ti ń tọ́jú èèyàn mọ nǹkan púpọ̀ kó tó dé kíláàsì wa. Ó ti rí ibà tí kò lọ, ó ti rí ọgbẹ́ tí kò jinná, ó ti rí oògùn tó wo ẹnì kan sàn tí kò sì ran ẹnì kejì. Bí yóò ṣe sọ ohun tó fojú rí di ìbéèrè tí a lè dán wò ló kù tí kò mọ̀. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti Ogden Bruton, dókítà àwọn ọmọdé nílé ìwòsàn àwọn ológun ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1952, ó gbé ìròyìn jáde nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún 8 kan tí kòkòrò pneumococcus ń kọ lù lemọ́lemọ́. Wọ́n á fún un lóògùn, ara rẹ̀ á yá, kò sì ní pẹ́ tí àìsàn á tún dé. Bruton fún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára pneumococcus, ara ọmọ náà kò pèsè áńtíbọ́dì kankan, ìyẹn purotéènì tí ara fi ń dá kòkòrò mọ̀ tó sì fi ń gbógun tì í. Wọ́n wá fi iná mànàmáná ya àwọn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì rí i pé ibi tó yẹ kí gamma globulin, ìyẹn apá tí áńtíbọ́dì wà, wà ṣófo. Nígbà tí Bruton bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní gamma globulin tó wá láti ara ẹlòmíì lóṣooṣù, àìsàn náà dáwọ́ dúró.

Bí mo bá ń kọ́ni ní ìtàn yìí, mo máa ń dúró kí n tó sọ èsì àyẹ̀wò náà. Màá bi wọ́n pé: kí ló dé tó fi jẹ́ pneumococcus ni? Ẹnì kan á rántí pé ṣúgà ni wọ́n fi bo kòkòrò náà lára, pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé kòkòrò mì kì í rí i dì mú dáadáa àfi tí áńtíbọ́dì bá ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ó dáa. Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì kì í fi bẹ́ẹ̀ borí àwọn ọmọ tó ní àrùn yìí? Nítorí pé sẹ́ẹ̀lì T wọn, tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀, pé; sẹ́ẹ̀lì B tó ń yọrí sí áńtíbọ́dì ni wọn kò ní. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé ibi ìdáhùn méjèèjì ti mọ iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì B àti ti sẹ́ẹ̀lì T, kò sì há nǹkan kan sórí. Lẹ́yìn náà ni màá sọ pé ọdún 1993 ni wọ́n tó rí jíìnì tó bàjẹ́ nínú àrùn náà, tí wọ́n fi orúkọ Bruton pè é, BTK, àti pé oògùn tó ń dí BTK lọ́wọ́ ti di ìtọ́jú fún oríṣi jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì B kan. Ó dùn mọ́ mi nínú gan-an pé ibùsùn ọmọ kan ni gbogbo èyí ti bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń ṣi oníṣègùn lọ́nà: ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló rọrùn láti gbà, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ là ń wò. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 2 péré nínú 100 àwọn sẹ́ẹ̀lì limfosáìtì, ìyẹn ìdílé tí sẹ́ẹ̀lì B àti T wà, ló wà nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn yòókù wà nínú kókó ọrùn àti ti abíyá, nínú ọlọ inú, nínú ìfun, nínú mùdùnmúdùn eegun. Tí iye limfosáìtì inú ẹ̀jẹ̀ bá wálẹ̀ lẹ́yìn tí aláìsàn lo oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù, ṣé wọ́n kú ni àbí wọ́n kàn ṣí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀? Ẹni tí kò bá bi ara rẹ̀ léèrè á kọ ìwé ìwádìí tó dáa lójú, tí kò sì jẹ́ òótọ́.

Àyẹ̀wò oògùn lára ẹranko náà ńkọ́? Ní March 2006, ní London, wọ́n fún ọkùnrin mẹ́fà tí ara wọn le ní TGN1412, oògùn tí wọ́n ń dán wò, áńtíbọ́dì tó ń ta sẹ́ẹ̀lì T jí láti ara CD28, àmì kan tó wà lára sẹ́ẹ̀lì náà. Ìwọ̀n tí wọ́n fún wọn kéré ní ìlọ́po 500 sí èyí tí ọ̀bọ gbà tí nǹkan kan kò ṣe é. Láàárín wákàtí díẹ̀, gbogbo àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wà nínú ewu ńlá, nítorí sáítókáìnì, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn, tó ya bo ara wọn. Wọn kò kú. Nígbà tó yá ni wọ́n rí i pé CD28 kò sí lára àwọn sẹ́ẹ̀lì T kan nínú ọ̀bọ náà, bẹ́ẹ̀ ó wà lára irú wọn nínú èèyàn. Kò sí dókítà tó yẹ kó kọ́kọ́ fún èèyàn ní oògùn irú èyí láìmọ ìtàn yìí.

Ní ti ìdánwò, kí a yéé béèrè orúkọ sáítókáìnì lọ́wọ́ wọn. Mo fara mọ́ ọn kí a gbé àkọsílẹ̀ aláìsàn kan fún wọn, kí oníkálukú kọ ojú ìwé kan: ìbéèrè rẹ̀, ohun tó fẹ́ wọ̀n, ìgbà tó máa gba ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹran ara, àwọn tó máa fi wé aláìsàn náà, àti èsì tó lè mú kó jáwọ́ nínú èrò rẹ̀. Apá ìkẹyìn yẹn ni mo fẹ́ ká fún ní máàkì tó pọ̀ jù.