Ẹ Wo Ìrókò Dáadáa

Ẹ káàbọ̀ o. Inú oko kòkó kan la wà, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ láti Ilé-Ifẹ̀ sí Iléṣà. Ẹ gbójú sókè. Igi tó yọ orí láàárín gbogbo kòkó yẹn, ìrókò ni.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? Ẹ má sọ pé torí pé ó ga. Arère ga, àràbà náà ga. Ẹ má sì wo ti aṣọ funfun. Igi tí wọ́n ń so aṣọ mọ́ pọ̀.

Ìdí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ìdí àràbà máa ń ya síta bí ògiri, ọmọdé lè sá pamọ́ sí i. Ti ìrókò kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Roboto ló rí, ó gùn tààrà lọ sókè, ó sì lè ga tó mítà 50.

Ó wá ku èyí tí mo fẹ́ràn jù. Bàbá tó ni oko ti gbà ká ha èèpo rẹ̀ díẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ kí Olúwéré, ẹ̀mí inú ìrókò, ná, kí wọ́n tó gbé àdá lé mi lọ́wọ́. Ẹ rí oje funfun tó ń sun bíi wàrà? Arère ò ní in, àràbà ò ní in. Ọ̀pọ̀tọ́ àti afọ̀n ní in, torí mọ̀lẹ́bí ìrókò ni wọ́n.

Àwọn kápẹ́ńtà mọ̀ ọ́n lọ́nà tiwọn. Pákó rẹ̀ máa ń pupa rúsúrúsú tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á, oòrùn ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀. Ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ òkúta funfun máa ń wà nínú ìtì igi náà nígbà mìíràn, òkúta gidi o, ó sì ń ba eyín ayùn jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń rẹ́ ẹ, ẹ bo imú yín, ìyẹ̀fun rẹ̀ ń ta ni lára.

Ọmọ rẹ̀ ló ń tan èèyàn jẹ. Ẹ wo kékeré yìí: ewé rẹ̀ ní irun, etí rẹ̀ rí wágunwàgun bí eyín ayùn, kò jọ ti ìyá rẹ̀ rárá. Mo ti fọwọ́ ara mi fa irú rẹ̀ tu rí, mo ṣebí koríko ni. Orí ọ̀mùnú rẹ̀ tó wú yìí, kòkòrò kékeré kan ló wà níbẹ̀. Tó bá bẹ́, ọ̀mùnú náà á jẹrà. Ìdí nìyẹn tí oko tí wọ́n gbin kìkì ìrókò sí kì í fi í gbèrú. Àárín igi mìíràn ló ti ń rọ́nà lọ.

Ta ló wá gbin eléyìí? Akọ ìrókò yàtọ̀ sí abo. Òdòdó akọ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fì bí ìrù; èso abo sanra bí ìka ọwọ́, ó tutù yọ̀yọ̀. Àdán ló ń jẹ ẹ́, irú àwọn tó ń pariwo lórí igi nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí gbogbo wa ń bú nítorí ìgbẹ́ wọn. Inú ìgbẹ́ yẹn ni kóró ìrókò wà. Ẹ wo èyí tó já sílẹ̀ níbí: àdán ti jẹ ìlàjì rẹ̀ lóru.