Iyọ̀ Pa Iná Kuníìnì: Bí Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Ń Tú Àṣírí Mẹ́kúrì Inú Omi

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ jẹ́ n pa iná yàrá yìí ná. Tọ́ọ̀ṣì elésè-àlùkò táwọn oníṣòwò Dùgbẹ̀ fi ń yẹ owó ayédèrú wò ni mo tàn sí ife omi tónìkì yìí. Ẹ wò ó bó ṣe ń tàn búlúù! Kuníìnì inú rẹ̀ ló ń tàn. Àwọn àgbà ò gbàgbé ìkorò rẹ̀, òun la fi ń wo ibà nígbà kan. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò rí, ó sì ń tú u jáde ní àwọ̀ tí ojú rí.

Mo wá bu iyọ̀ ìsebẹ̀ ṣíbí kan sí i, mo rò ó. Ẹ tún wò ó. Ìmọ́lẹ̀ ti ń rẹlẹ̀! Iyọ̀ ti yọ́, omi mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ti fẹjọ́ sùn.

Bí wọ́n ṣe ń wá mẹ́kúrì nìyẹn, irin olómi inú tẹmómítà àtijọ́. Ó wà nínú iná gígùn tí à ń jù sáàtàn, ó wà nínú àwọn ìpara ìbóra kan. Tí òjò bá gbá irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀, odò Ògùnpa ló ń gbé e lọ.

Ìlànà omi mímu Nàìjíríà ò gbà ju máíkírógíráàmù 1 lọ nínú lítà 1. Nínú tánkì lítà 1,000, gbogbo ẹ̀ ò ju hóró ṣúgà kan sí méjì. Ẹ sì má sọ pé ẹ ó sè é: sísè kì í yọ ọ́ kúrò nínú omi.

Àwọn ẹ̀rún kábọ́ọ̀nù kan wà tó ń tàn, mẹ́kúrì á pa iná wọn. Àwọ̀ kan tó ń jẹ́ rhodamine, tí wọ́n ti tì pa, kì í tàn ní tiẹ̀, àfi tí mẹ́kúrì bá ṣí i, á wá máa tàn yòò. Èyí ló wù mí jù. Ohun tó lè pa iná pọ̀, iyọ̀ wa yìí náà pa á. Ohun tó mọ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ò tó bẹ́ẹ̀.

Omi odò tiẹ̀ tún níṣòro mìíràn: oje ewé jíjẹrà inú rẹ̀ náà ń tàn búlúù díẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ sẹ́ ẹ, tí wọ́n á wọn ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ kí wọ́n tó kán ẹ̀rún tàbí àwọ̀ tó ń wá mẹ́kúrì yẹn sí i.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbé omi kànga yín lọ fún àyẹ̀wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bù ú sínú ike omi tẹ́ ẹ mu tán. Mẹ́kúrì máa ń lẹ̀ mọ́ ara ike, ẹ̀rọ ò ní bá a nínú omi mọ́. Ẹ gba ìgò tí wọ́n ti fi ásíìdì fọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará láàbù.