Kí ẹnu tó kà á, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ kọ́kọ́ mú un

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, mo kí yín. Ohun tí gbogbo wa ti rí rí ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta dúró níwájú àwọn àgbà, ó ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ogún láìṣì, gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ da ìlẹ̀kẹ̀ méjìlá sórí ẹní, kí ẹ ní kó fún yín ní mẹ́rin. Yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún yín, inú rẹ̀ á sì máa dùn. Ọmọ yìí kì í ṣe olódo o. Orin ló mọ̀, kò tíì mọ iye.

Irú ìbéèrè “fún mi ní mélòó” yìí ni Karen Wynn, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé, lò nínú ìwádìí tó gbé jáde ní 1990. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé díẹ̀díẹ̀ ni ìtumọ̀ nọ́ńbà ń yé ọmọ. Á mọ ọ̀kan, á mọ méjì, á mọ mẹ́ta, oṣù púpọ̀ sì lè wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Nítorí náà, ẹ má bínú sí ọmọ tó ń ka ogún tí kò lè mú mẹ́ta wá.

Kí ló wà nínú kíkà gan-an? Ní 1978, Rochel Gelman àti Charles Gallistel, tí àwọn náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, la àwọn ìlànà rẹ̀ sílẹ̀. Àkọ́kọ́, orúkọ kan fún ohun kan, kí ẹnu má sáré ju ìka lọ. Èkejì, kí àwọn orúkọ náà máa tẹ̀ léra bákan náà lójoojúmọ́. Ẹ̀kẹta ló le jù: orúkọ tí a pè kẹ́yìn ni iye gbogbo wọn. Ẹ bi ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìlẹ̀kẹ̀ márùn-ún tán pé, “Mélòó ni gbogbo rẹ̀?” Púpọ̀ nínú wọn á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan. Lójú tiwọn, “àrún” ni orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ tó wà ní ìkángun, bí ẹni pe orúkọ ọmọ àbíkẹ́yìn.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ràn ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí wáyà. Ìlẹ̀kẹ̀ márùn-ún tó fọ́n ká ilẹ̀, nǹkan márùn-ún ni. Ẹ wá sín in sórí wáyà kan, ó di ohun kan ṣoṣo tí ọmọ lè gbé sókè lẹ́ẹ̀kan. Ó lè fi ìka kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lè di gbogbo rẹ̀ mú ní “márùn-ún”. Orin lásán kò lè ṣe èyí fún un.

Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó ṣí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ní àdúgbò San Lorenzo ní Róòmù ní ọjọ́ 6 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1907, ni a mọ̀ mọ ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ wúrà. Ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan ni oókan. Mẹ́wàá lórí wáyà di ọ̀pá. Ọ̀pá mẹ́wàá tí a so pọ̀ di pẹlẹbẹ ọgọ́rùn-ún. Pẹlẹbẹ mẹ́wàá léra wọn di bùlọ́ọ̀kù ẹgbẹ̀rún. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi àtẹ́lẹwọ́ gba ẹyọ kan, kó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹgbẹ̀rún. Ojú rẹ̀ á yí padà. Lórí pátákó, òdo mẹ́ta péré ló wà láàárín 1 àti 1000. Ní ọwọ́ rẹ̀, ó ti mọ èyí tó wúwo.

Ẹ ṣọ́ra o: ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, tàbí tó ṣì ń ki nǹkan bọ ẹnu, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kékeré.

Bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní nọ́ńbà tuntun, ìlànà Édouard Séguin, dókítà ará Faransé, tí Montessori mú lò ṣì dára. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé, “Mẹ́ta nìyí.” Lẹ́yìn náà, “Fi mẹ́ta hàn mí.” Ìgbà tí èyí bá dúró dáadáa ni ẹ tó bi í pé, “Mélòó nìyí?” A máa ń fẹ́ fo ti àárín, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Kí ẹ sì dákẹ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, èmi ni mo máa ń dáhùn ìbéèrè tí mo bi ọmọ, mo sì fi bẹ́ẹ̀ gba ìrònú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àwa tí a ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní òǹkà tún ní ìdí pàtàkì mìíràn. Láti mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, à ń fi kún ẹ̀wá. Láti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a ti ń yọ kúrò nínú ogún. Ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta, ọgọ́rùn-ún jẹ́ ogún márùn-ún: ẹ to ọ̀pá mẹ́wàá ní méjì méjì, ẹ ó rí i. Àwọn kan sọ pé èyí le jù fún ọmọdé. N kò gbà. Ó le fún ẹnu, kò le fún ọwọ́.

Mo gbé ọ̀pá méjì síwájú ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan. Mo ní, “Ogún nìyí. Mú mẹ́rin kúrò.” Ó fa ìlẹ̀kẹ̀ lára wáyà, kò já. Ó wò mí, mo dákẹ́. Ó dìde, ó dá ọ̀pá kan padà sínú àpótí, ó ka ẹyọ mẹ́wàá bọ̀ dípò rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tí a bá ń ṣe pàṣípààrọ̀. Ó ti mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ka ìyókù, ẹnu rẹ̀ sì dúró lórí mẹ́rìndínlógún. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, díẹ̀díẹ̀: “Mẹ́rin... dín... ní ogún.” Ó ti ń pe ọ̀rọ̀ yẹn tipẹ́.

Mo ní, “Mẹ́tàdínlógún ńkọ́?” N kò tíì sọ ọ́ tán tó fi mú ẹyọ kan nínú mẹ́rin yẹn, tó sì dá a padà.